Òkúta dúdú, ìyá rẹ̀ dà?

Ọjọ́ kẹrin Iléyá ni, ẹran ṣì wà lórí iná, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kan wọlé láti Ìjẹ̀bú-Igbó tòun ti àpò sìmẹ́ńtì tó ká ní ìlọ́po méjì lábẹ́ abíyá. Ó gbé e lé orí tábìlì, tábìlì dún gbì. "Ìwọ tó o lọ kàwé òkúta," ó ní, "sọ òótọ́ fún mi. Wọ́n ní krómáìtì ni."

Òkúta tó wà nínú àpò náà dúdú bí ìdí ìkòkò, kò ju ẹ̀ṣẹ́ ọkùnrin kan lọ, ó sì wúwo ju bí ojú ṣe rí i. Etí odò, ní oko bàbá wọn, ló ti ṣà á. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní olùyẹ̀wò ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Olúwarẹ̀ mú òòfà inú rédíò àtijọ́, ó fi kan òkúta náà, òòfà gbá a mú díẹ̀, ló bá ní ojúlówó krómáìtì ni, kí ẹ̀gbọ́n mi yáa máa wá oníbàárà.

Mo bi í pé irú àpáta wo ló wà lábẹ́ ilẹ̀ oko náà. Ó fajú ro. "Òkúta ni mo gbé wá fún ọ, ilẹ̀ lo wá ń bi mí."

Ilẹ̀ náà lọ̀rọ̀ wà. Àwọ̀ òkúta ni ọ̀pọ̀ wa máa ń wò, a kì í bèèrè ìyá tó bí i. Irú ìyá kan ṣoṣo ló sì máa ń bí krómáìtì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ọmọ náà fúnra rẹ̀. Krómáìtì kì í ṣe irin, kì í sì í ṣe krómíọ̀mù, ohun tí wọ́n fi ń ṣe irin tí kì í dógùn-ún. Òkúta kan ni tí irin, krómíọ̀mù àti ọ́síjìn jọ wà nínú rẹ̀. FeCr₂O₄ ni àwọn onímọ̀ ń kọ ọ́. Bí kò bá ní àdàlù kankan, nǹkan bí ìdá 68 nínú 100 rẹ̀ ni wọ́n máa kà sí Cr₂O₃, ìyẹn krómíọ̀mù tòun ti ọ́síjìn rẹ̀. Àmọ́ èyí tí ilẹ̀ ń bí kì í mọ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí magnesium àti aluminium a máa jókòó sáàyè tó yẹ kó jẹ́ ti irin àti krómíọ̀mù. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń rà á fi ń bèèrè ohun méjì: Cr₂O₃ rẹ̀ mélòó, àti pé krómíọ̀mù inú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mélòó irin inú rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín láìbèèrè méjèèjì yìí, ẹ ṣọ́ra fún un.

Ará Faransé kan, Louis-Nicolas Vauquelin, ló kọ́kọ́ ṣàwárí krómíọ̀mù ní ọdún 1797, inú òkúta pupa kan láti Siberia ló sì ti rí i, kì í ṣe inú krómáìtì rárá. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí àwọ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, torí bó bá ti dà pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn, àwọ̀ ló ń mú jáde: òféèfèé, ewé, pupa. Lónìí, inú krómáìtì nìkan ni gbogbo ayé ti ń wá a bó bá di ti òwò. Ibi tó sì wúlò sí jù lọ ni irin tí kì í dógùn-ún. Gbogbo abọ́ àti kúlà sítéńlẹ̀ẹ̀sì tí wọ́n ń pín níbi ìnáwó Ìjẹ̀bú, krómíọ̀mù wà nínú rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní nǹkan bí ìdá 10.5 nínú 100. Krómíọ̀mù náà ló ń bá afẹ́fẹ́ ṣe awọ tín-ín-rín kan sí ojú irin. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ ha á, awọ náà á tún ara rẹ̀ hun.

Ìyá rẹ̀ wá ńkọ́? Àwọn onímọ̀ ń pè é ní àpáta ultramafic. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín. Àpáta tí silica rẹ̀ kéré ni. Silica ni ohun tí iyanrìn funfun etí odò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ látòkèdélẹ̀. Àpáta granite tí a ń fọ́ fún ilé kíkọ́ lè ní tó ìdá 70 nínú 100. Ti ultramafic kì í pé 45. Irin àti magnesium ló kún inú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi dúdú tàbí kó ní àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn, tó sì wúwo lọ́wọ́. Dunite àti peridotite wà lára wọn. Ìsàlẹ̀ ayé ni ilé wọn, lábẹ́ èèpo ilẹ̀ tí a ń tẹ̀, èyí tó máa ń nípọn tó nǹkan bíi 35 kìlómítà lábẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ. Bí omi bá wọ inú àpáta yìí tí ooru sì wà ńbẹ̀, á di serpentinite, tí ojú rẹ̀ máa ń dán, tó sì ní tótòtó bí awọ ejò. Ìyẹn náà lè padà di talc, òkúta rírọ̀ tí wọ́n ń lọ̀ ṣe pọ́ńdà ọmọdé.

Báwo ni ìyá yìí ṣe ń bí ọmọ? Ọ̀nà méjì ni. Ẹ rò ó bí ògì. Tí a bá sẹ́ ògì tán tí a fi í sílẹ̀ mọ́jú, èyí tó wúwo á sùn sí ìsàlẹ̀, omidùn á dúró lókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpáta yíyọ́ tó wọ inú kòtò ńlá kan nínú ilẹ̀, tó wá ń tutù díẹ̀díẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Àwọn hóró tó kọ́kọ́ dì a máa sùn sí ìsàlẹ̀, krómáìtì sì wà lára àwọn tó máa ń tètè dì.

Ṣùgbọ́n ibi kan wà tí òwe ògì yìí ò tó. Bí nǹkan bá ń lọ bó ṣe yẹ, díẹ̀ báyìí ni krómáìtì tó máa dì, àárín òkúta mìíràn ló sì máa fọ́nká sí, ẹnikẹ́ni ò ní rí i wà. Kó tó lè sùn ní ìpele tirẹ̀ nìkan, ohun kan gbọ́dọ̀ da ìkòkò náà rú. Ẹ rántí álọ́ọ̀mù tí ìyá wa máa ń jù sínú omi kànga tó dàrú. Kí a tó ṣẹ́jú, ìdọ̀tí ti ń bọ́ sílẹ̀. Nínú kòtò àpáta yíyọ́, ohun tó ń ṣe bí álọ́ọ̀mù lè jẹ́ àpáta yíyọ́ tuntun tó ya wọlé, tó sì bá ti àtijọ́ dà pọ̀, tàbí ògiri kòtò tó kún fún silica tó yọ́ sínú rẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, krómáìtì nìkan ló ń dì, òun nìkan ló sì ń bọ́ sílẹ̀.

Irú èyí ló wà ní Bushveld ní South Africa, tó ti pé nǹkan bíi bílíọ̀nù méjì ọdún. Ìpele krómáìtì tí kò ju mítà kan tàbí méjì lọ ní nínípọn máa ń tẹ́ lọ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ kìlómítà bí aṣọ tí a tẹ́ sórí ibùsùn. Zimbabwe náà ní Great Dyke, tó gùn tó 550 kìlómítà, tí ìpele tirẹ̀ sì tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí irú ilẹ̀ báyìí ni South Africa fi ń wa krómáìtì ju gbogbo ayé lọ.

Ọ̀nà kejì, ìkọ́kọrẹ́ ni mo máa fi ṣàlàyé rẹ̀, ẹni tí kò bá sì jẹ ẹ́ rí kó bi ará Ìjẹ̀bú. Ewùrà tí a rin, tí a wá ń já sínú ọbẹ̀ gbígbóná, kókó kókó ló máa ń dì. Ẹ ò lè fi ojú wo òkè ìkòkò kí ẹ sọ ibi tí kókó kọ̀ọ̀kan wà. Bí ṣíbí yín bá kan ọ̀kan, ìyẹn ò sọ pé òmíràn wà nítòsí. Báyìí ni krómáìtì ṣe máa ń wà nínú àpáta tó ti fìgbà kan jẹ́ ìsàlẹ̀ òkun, tí ilẹ̀ tì gòkè sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Turkey, Oman, Albania, Kazakhstan àti Philippines ní irú rẹ̀. Kókó kan lè kéré bí àgbá omi, òmíràn lè kún ju pápá bọ́ọ̀lù lọ. Ohun kan ṣoṣo tó ń ṣojú àánú fún olùwádìí ni pé kókó wọ̀nyí sábà máa ń wọ ẹ̀wù: dunite ló máa ń yí wọn ká bí èèpo ṣe yí ẹyin ká. Bí ẹ bá ti bá dunite pàdé láàárín àpáta mìíràn, ẹ rọra, ẹ lè ti súnmọ́ ọn.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ yìí ti yé tipẹ́tipẹ́ ni oníṣòwò kan ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, Isaac Tyson. Ní 1827, ó ń kọjá lọ́jà, ó sì rí i tí wọ́n fi òkúta dúdú wíwúwo há àgbá ọtí èso ápù lórí ọmọlanke kó má baà yí. Ó mọ̀ ọ́n. Kò bèèrè iye òkúta náà o, ibi tí wọ́n ti ṣà á ló bèèrè. Wọ́n júwe oko kan, ó sì tọ̀ ọ́ lọ. Nígbà tó débẹ̀, ó tún ṣàkíyèsí nǹkan tí àwọn àgbẹ̀ ti ń ráhùn lé lórí: ilẹ̀ tó gbé orí serpentinite kì í dá oko. Kálíṣíọ̀mù rẹ̀ kéré, magnesium àti nickel rẹ̀ pọ̀ jù, koríko rẹ̀ ràn-ǹ-ràn, igi rẹ̀ kúkúrú. Láti ọjọ́ yẹn, Tyson fi igbó dá krómáìtì mọ̀. Ilẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ti ṣá tì ló ń rà kiri, fún bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, àgbègbè Baltimore ló ń kó èyí tó pọ̀ jù lọ nínú krómáìtì tí ayé ń lò. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí torí pé ọjà ló ti bẹ̀rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ tiwa ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ó kù sí ti òkúta ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rí mẹ́ta ni ẹnikẹ́ni lè wò nílé láìnáwó.

Mo mú àfọ́kù táìlì kan lẹ́yìnkùlé, mo yí i padà sí ẹ̀yìn, níbi tí kò dán. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi òkúta náà fa ìlà sí i bí ẹni fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé. "Ẹ má wo òkúta mọ́, ìlà ni kí ẹ wò." Gbogbo òkúta dúdú kọ́ ló ń fa ìlà dúdú. Ti krómáìtì máa ń rí bí aáṣà, àwọ̀ ilẹ̀ tó gbó. Magnetite, ẹbí irin tí òòfà ń fà gidigidi, ìlà tirẹ̀ dúdú bí èédú. Hematite pupa bí osùn. Cassiterite tí wọ́n fi ń ṣe tánńganran, ìlà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Òkúta dúdú tó gún bí ọ̀pá, tó ní ìlà gígùn lára, tí a máa ń rí nínú pegmatite, ẹbí granite tí hóró rẹ̀ tóbi, tourmaline nìyẹn, táìlì ló sì máa ha dípò kó fa ìlà. Ìlà òkúta wa jáde ní àwọ̀ eérú tó ń lọ sí dúdú. Ẹ̀gbọ́n mi tún fa òmíràn, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an. Eérú náà ni.

Ẹ̀rí kejì, ìwọ̀n. Pé nǹkan wúwo lọ́wọ́ kì í ṣe ìwọ̀n, nítorí òkúta ńlá wúwo ju kékeré lọ. A so òkúta náà mọ́ sìkéèlì ìkọ́ tí alápatà fi ń wọn ẹran, ó jẹ́ gírámù 780. A wá rì í bọ inú garawa omi bó ṣe so rọ̀ síbẹ̀, láìjẹ́ kó kan ìdí garawa. Ó di 550. Ohun tí omi gbà nínú ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 230. Ẹ fi 230 pín 780, ẹ ó rí nǹkan bíi 3.4, ìyẹn ni pé ó fi ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀ wúwo ju omi tó kún ààyè rẹ̀ lọ. Granite máa ń jẹ́ nǹkan bíi 2.7. Krómáìtì máa ń wà láàárín 4.3 sí 4.8. Òkúta wa ò sí níbì kankan nínú méjèèjì.

Ẹ̀rí kẹta, òòfà, ni olùyẹ̀wò yẹn gbára lé, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló máa ń tan ènìyàn jù. Krómáìtì lè má fà mọ́ òòfà rárá, ó sì lè fà mọ́ ọn díẹ̀ bí magnetite bá wà létí rẹ̀. Yangí mìíràn máa ń fà mọ́ ọn díẹ̀. Òkúta tó bá fò mọ́ òòfà, ẹ lè sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ magnetite. Èyí tó fà díẹ̀, kò tíì sọ nǹkan kan.

"Kì í ṣe krómáìtì, ẹ̀gbọ́n."

"Kí ni, nígbà náà?"

Mo ní kó fún mi láyè. Ó ní, ó dáa, bí eléyìí ò bá jẹ́ ẹ, ṣé kò lè sí ní ibòmíràn nínú ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni? Ìbéèrè gidi nìyẹn.

Apá gúúsù Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ jókòó sórí ohun tí omi kó jọ: iyanrìn, amọ̀, àti òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ní Ṣàgámù. Kò sí ìsàlẹ̀ ayé nínú ìyẹn. Bí ẹ bá wá gòkè lọ sí Orù, Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó, àpáta àtayébáyé á yọjú, àmọ́ gneiss, àpáta tó ní ìlà ìlà lára, àti granite ló pọ̀ nínú wọn, pegmatite sì ń gba àárín wọn kọjá. Silica ló kún inú wọn. Ilé tí krómáìtì ń gbé kọ́ nìyẹn. Àwọn ìbátan ìyá rẹ̀ tó súnmọ́ wa jù lọ wà lókè, ní agbègbè Ifẹ̀ àti Iléṣà, níbi tí àpáta ultramafic àtijọ́ ti di talc, bíi ti Àpómù. Ní Nàìjíríà, bí a bá sì ń sọ̀rọ̀ krómáìtì, agbègbè Anka ní ìpínlẹ̀ Zamfara, níbi tí serpentinite wà, ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ.

Odò Ọ̀ṣun ń ti òkè yẹn ṣàn gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá lọ sí ọ̀sà. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá rí hóró dúdú díẹ̀ nínú iyanrìn odò, kó má kígbe pé ilẹ̀ òun ti bí. Omi ló gbé e wá. Kó máa tẹ̀ lé omi lọ sókè ni.

Bí iṣẹ́ ìwádìí ṣe ń bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Tábìlì ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, pẹ̀lú máàpù. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Nàìjíríà, NGSA, ní máàpù tí ọkọ̀ òfuurufú yà, èyí tó ń fi bí òòfà ilẹ̀ ṣe le sí hàn. Serpentinite sábà máa ń hàn ketekete níbẹ̀, torí bó ṣe ń di serpentinite ni magnetite ń dì nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa fi ẹsẹ̀ rìn ín. Wọ́n á bu iyanrìn ní orita odò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi awo yí i nínú omi bí a ṣe ń yí ìrẹsì ọ̀fadà nígbà tí a bá ń fọ̀ ọ́, tí ìrẹsì á tẹ̀ lé omi jáde tí òkúta á kù sísàlẹ̀. Hóró krómáìtì kì í tètè jẹrà, ó sì wúwo, nítorí náà, òun náà á kù. Ẹ̀ka odò tí hóró náà bá ti tán lójijì, ẹ ti ré ibi tó ti wọlé kọjá.

Wọ́n á wá bu erùpẹ̀ ní ìlà ìlà lórí ilẹ̀ náà, wọ́n á gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò láti mọ krómíọ̀mù àti nickel inú rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé krómíọ̀mù tó pọ̀ nínú erùpẹ̀ lè kàn jẹ́ àmì ìyá láìsí ọmọ. Ibi tó ta yọ láàárín èyí tó pọ̀ ni wọ́n ń wá. Ẹ̀rọ kan tún wà tó ń wọn bí ilẹ̀ ṣe ń fi ìwúwo rẹ̀ fa nǹkan wálẹ̀, kì í ṣe bíi ti òòfà. Ìwọ̀n serpentinite jẹ́ nǹkan bíi 2.6, nítorí náà kókó krómáìtì tó bá fara pamọ́ nínú rẹ̀ wúwo ju gbogbo àyíká rẹ̀ lọ, ẹ̀rọ náà á sì gbọ́ ọ. Wọ́n ti lo irú rẹ̀ ní Camagüey ní Cuba. Àmọ́ peridotite tí omi ò tíì wọ̀ jẹ́ nǹkan bíi 3.3, òun náà lè tan ẹ̀rọ jẹ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ò fi ní tán títí wọ́n á fi gbẹ́ kòtò, tí wọ́n á fi lu ihò, tí wọ́n á sì fa òkúta jáde ní gígùn bí ọ̀pá ìrèké láti inú ilẹ̀. Ibẹ̀ lowó ń lọ jù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìlérí ń kú sí.

Ẹ̀gbọ́n mi wá bi mí nípa ìwé. Òfin ọdún 2007 lórí ohun àlùmọ́ọ́nì sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun tó wà nínú ilẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹbí ló ni oko tó wà lókè rẹ̀. Mining Cadastre Office ní Àbújá ló ń fúnni níwèé. Ìwé wíwò lásán wà fún ọdún kan, kò sì fàyè gba lílu ihò. Ìwé ìwádìí jẹ́ ọdún mẹ́ta, ilẹ̀ rẹ̀ kì í sì í ju 200 kìlómítà níbùú lóròó lọ. Àwọn tó ń gba owó "ìforúkọsílẹ̀" lábẹ́ igi ò sí nínú òfin náà.

Ilẹ̀ ti ń ṣú kí n tó mú òòlù. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi di etí òkúta náà mú sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, mo sì là á ní ẹ̀ẹ̀kan. Ó fọ́ sí méjì. Inú rẹ̀ kún fún ihò wẹ́wẹ́ bí inú búrẹ́dì, ibì kan sì ń dán bí ìgò. Kò sí àpáta nínú ilẹ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó tó ń rí bẹ́ẹ̀. Iná ló ṣe é.

"Ìdàrọ́ ni," mo ní. "Ohun tó ń ṣẹ́kù bí wọ́n bá yọ́ irin tán ni."

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e súnmọ́ gílóòbù, ó fi ìka tọ́ inú ihò rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Bàbá wọn àti bàbá bàbá wọn, àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n, kò sí alágbẹ̀dẹ kan nínú ìran wọn tó mọ̀.

"Ta ló wá ń yọ́ irin létí odò wa?"

Ó ní òmíràn ṣì wà níbẹ̀, òkìtì kan, wọ́n máa ń fi ṣe ààrò. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ la jọ ń lọ.